Òtútù Ò Mọ Akínkanjú: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Ṣe Ṣọ́jà Nílùú Òyìnbó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí òfin kan padà. Wọ́n ní ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, tí Nàìjíríà wà lára wọn, kò nílò láti kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún márùn-ún mọ́ kó tó lè wọṣẹ́ ológun wọn. Iye tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́dọọdún kúrò ní 200, ó di 1,350. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́ kan ní Àgọ́-Àmọ̀dù níbí pé òun fẹ́ lọ ṣe ṣọ́jà lọ́dọ̀ òyìnbó. Mi ò bá wọn jà. Iṣẹ́ ni, owó ni, ìwé ìgbélùú sì lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìbọn nìkan ni wọ́n ń ronú nípa ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa òtútù.

Àwa ará Òkè-Ògùn máa ń rò pé a mọ òtútù. Tí ọyẹ́ bá mú, tí ètè là, tí òrí dì gbagidi nínú igbá, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ á kọ́kọ́ bá ara ẹ̀ ṣèpàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe àgùnbánirọ̀ ní káńpù Ìsẹ́yìn lásìkò ọyẹ́ náà á ní ìtàn tiyín: fèrè ti dún kílẹ̀ tó mọ́, ẹ ti wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ṣọ́jà ń pariwo lé yín lórí, eyín ń lu eyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá, oòrùn ti lé ọyẹ́ wọlé. Òtútù tí mò ń sọ yìí, oòrùn kì í lé e lọ.

Lápá àríwá Norway, níbi tí àwọn Royal Marines ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà òtútù, ó lè tutù dé -20°C, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yìnyín tó bo ojú omi, ṣọ́jà á bẹ́ sínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Kò ní sáré jáde o. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kápá èémí ẹ̀, kó sọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ ketekete, kó tó fi ọ̀pá fa ara ẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Tí omi tútù bẹ́ẹ̀ bá kanni lójijì, èémí á já, èèyàn á máa mí gúlegúle, ibẹ̀ ló ti máa ń mu omi kú. Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ ti kápá èémí ẹ̀ nìyẹn.

Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Ìyà tí òtútù fi jẹ ọmọ ogun wọn ní Chosin, ní Korea, lọ́dún 1950, níbi tó ti tutù ju -30°C lọ, wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Bridgeport, ní California, lọ́dún 1951. Wọ́n tún ní òmíràn ní Black Rapids, ní Alaska.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ wọn níbẹ̀? Ẹni tó bá rò pé ìgboyà ni, á yà á lẹ́nu. Ohun mẹ́rin ni ṣọ́jà Amẹ́ríkà máa ń há sórí nípa aṣọ. Àkọ́kọ́, kó mọ́, torí ìdọ̀tí àti ọ̀rá kì í jẹ́ kí aṣọ mú ooru dúró. Ìkejì, má jẹ́ kí ara rẹ gbóná jù. Òógùn tó o là lórí ìrìn, òun ló máa di omi tútù sí ẹ lára nígbà tó o bá dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń bọ́ ẹ̀wù òkè kí wọ́n tó gbéra, tí wọ́n á sì tún gbé e wọ̀ tí wọ́n bá dé ibi ìsinmi. Ìkẹta, kí aṣọ má fún: ẹ̀wù fẹ́lẹ́ mẹ́ta tó gorí ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó nípọn tó fún pinpin lọ, torí atẹ́gùn tó há sáàárín wọn ló ń mú ara móoru. Ìkẹrin, kí ara gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ti rin, bọ́ ọ, wọ òmíràn.

Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan tó ní “fara dà á” nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú àwọn tó ń múra. Láàárọ̀ ọyẹ́, á sáré lọ lójú títì Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, á sáré bọ̀, á wá da omi kànga lé ara ẹ̀ lórí, korobá mẹ́ta. Ó ní òun ń kọ́ ara òun ní òtútù ni. Mo ní, “Mo gbóríyìn fún ẹ. Ṣùgbọ́n kí lo máa ṣe tí ìka ẹsẹ̀ rẹ bá kú nínú bàtà?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, màá mú un mọ́ra ni. Ṣé ọkùnrin kọ́ ni mí ni?”

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Omi tútù tó ń dà sára yẹn lè kọ́ èémí ẹ̀ pé kó má máa já. Ìyẹn wúlò. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ di ti ará Norway. Tí òtútù bá mú, ara máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ kù, kí ọkàn àti àwọn ẹ̀yà inú lè móoru. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á tún ṣí díẹ̀ kí ìka má baà bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé lára àwa adúláwọ̀, ó sábà máa ń pẹ́ kó tó ṣí, ìka wa sì máa ń pẹ́ kó tó padà móoru.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 nípa àwọn ọkùnrin inú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ewu kí òtútù ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ léṣe lára àwọn ṣọ́jà adúláwọ̀ tó ìlọ́po 30 ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ tún un kà: ìlọ́po 30. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, lórí ọdún 1980 sí 1999, ní ó tó bí ìlọ́po mẹ́rin láàárín àwọn ọkùnrin.

Ẹ má sì rò pé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Norway. Ìpalára kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní NFCI. Ẹran ara ò ní dì rárá. Ilẹ̀ kàn tutù, kó má tilẹ̀ sí yìnyín, bàtà rin, èèyàn dúró sínú ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan. Irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà ní Catterick àti lórí òkè Brecon ní Wales, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú. Tó bá wá ń móoru, á wú, á máa jó èèyàn bí iná. Láwọn kan, ó ń lọ. Láwọn mìíràn, iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn mọ nǹkan lára ti bàjẹ́, ìrora á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó wá láti Áfíríkà àti Caribbean ti gbé iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀, wọ́n sì ti gba owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n owó ò ra ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ kọjá ẹnubodè tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá Sábẹ̀ àti Kétu, ní Benin. Faransé ló ń ṣàkóso wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí wọ́n ń fipá mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ ló sá wọ ìhà Nàìjíríà. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ nílẹ̀ Dahomey ìgbà náà á bá ara ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais. Àwọn ọ̀gá ogun Faransé mọ̀ pé òtútù ń ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n máa ń kó wọn lọ sápá gúúsù, sí agbègbè Fréjus, tí ìgbà òtútù bá dé. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1917, wọ́n kó wọn síwájú ogun ní Chemin des Dames nínú òjò àti yìnyín. Ọwọ́ wọn kú débi pé àwọn kan ò lè lo ìbọn wọn dáadáa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Ìbọn Jámánì ló pa wọ́n o, ṣùgbọ́n òtútù ló kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Blaise Diagne, aṣòfin tó ń ṣojú Senegal ní Paris, fi ìbínú sọ ọ́ nílé aṣòfin.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1944, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Àwọn adúláwọ̀ wà lára àwọn tó gba Toulon lọ́wọ́ Jámánì. Bí òtútù ṣe ń wọlé, Faransé yọ bíi 15,000 nínú wọn kúrò lójú ogun, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun rọ́pò wọn. Wọ́n ní torí òtútù ni. Àwọn òpìtàn ti fi hàn pé òṣèlú wà ńbẹ̀: wọ́n fẹ́ kó jẹ́ aláwọ̀ funfun ni aráyé máa rí lọ́jọ́ ìṣẹ́gun. Àwọn kan tilẹ̀ bọ́ kóòtù ara wọn fún ẹni tó rọ́pò wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá lè mọ̀ pé òtútù máa pa ẹ́ lára, kó sì tún rán ẹ lọ. Ó sì lè fi òtútù kan náà ṣe àwáwí láti gba ohun tó tọ́ sí ẹ. Ìdí nìyẹn tí ìwọ fúnra rẹ fi gbọ́dọ̀ mọ òótọ́ nípa ara rẹ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Ṣé o wá ń sọ pé ọ̀lẹ ni dúdú ni?” Rárá o. Tí òyìnbó bá dé Ṣakí lóṣù kẹta, tí oòrùn bó o láwọ̀, ta ló ń pè é ní ọ̀lẹ? Wọ́n á fún un ní ìpara àti fìlà ni. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe fún wa nínú òtútù náà nìyẹn: bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, ìbọ̀sẹ̀ tó gbẹ, àyè láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀lẹ wò ẹ́ torí pé o sọ̀rọ̀, ìwé ìlànà iṣẹ́ ológun tiẹ̀ gan-an ò sí lẹ́yìn ẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, mo bẹ̀ yín. Tí ìka bá ti kú, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kó funfun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan ṣe ààbò: ó dáa fún ètè tó là, kì í dá òtútù dúró. Ẹ má gba ògógóró tí wọ́n ní á mú ara móoru, ṣe ló ń tú ooru inú yín síta. Ẹ mú ẹnì kejì tí ẹ jọ máa yẹ ojú àti ọwọ́ ara yín wò, torí kò sẹ́ni tó lè rí imú ara ẹ̀ nígbà tó bá ń dì. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àwa òbí àti ẹ̀gbọ́n náà, ẹ jẹ́ ká dín “ọkùnrin kì í sunkún” yìí kù létí wọn. A ti tọ́ wọn láti má sọ ibi tó ń dùn wọ́n, a sì fẹ́ rán wọn lọ síbi tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló lè gba ẹsẹ̀ là.