ÀÀBÒ ÀDÚGBÒ: OHUN TÍ ARÁ ÀDÚGBÒ MỌ̀ TÍ ỌLỌ́PÀÁ KÒ MỌ̀

 

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, oúnjẹ adìẹ àti àrùn ẹ̀gẹ́ la sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ẹ má wò ó pé kí ló kan olùkọ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tó sin igba adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Agbówó, tó fi oṣù méjì fún wọn lóúnjẹ, tí olè wá kó gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta iṣu tán ní Bódìjà, tí wọ́n já owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ọ̀dá kò ṣe irú rẹ̀ rí fún un.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọlọ́pàá ló ní agbára òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ àdúgbò. Bí agbára àti ìmọ̀ yìí kò bá pàdé, olè ni yóò máa jèrè.

Kí ló fà á tí ọlọ́pàá kò fi mọ àdúgbò wa?

Láyé àwọn bàbá wa, akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà nílùú. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ agboolé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun dé ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ yẹn sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1999 náà gbé ọlọ́pàá lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, DPO tó wà ní àgọ́ yín lè wá láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà, wọ́n sì lè gbé e lọ síbòmíràn kó tó mọ ojúlé mẹ́wàá ní àdúgbò yín. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn.

Àwọn àdúgbò tuntun nílùú Ìbàdàn sì ní ìṣòro tiwọn. Nínú agboolé àtijọ́, àjèjì kì í sùn mọ́jú kí baálé má mọ̀. Ní Agbówó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé, òmíràn ń kó jáde, ọdọọdún ni ojú tuntun ń dé. Ní Dùgbẹ̀, ọ̀sán ni èrò pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí oníṣòwò ti ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́dẹ ló kù. Ní Ring Road àti Challenge, ọkọ̀ ń gbé èrò wá láti ibi gbogbo, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀? Ní Old Bódìjà, ògiri ga, géètì wà ní títì, aládùúgbò lè má mọ orúkọ ara wọn fún ọdún márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ méjì tí Ìbàdàn ti kọ́

Ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọlọ́kadà kan ń wá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn ò rí mọ́. Wíwá yẹn ló gbé wọn dé inú igbó kan ní Sókà, lápá òpópónà Ìbàdàn sí Èkó. Wọ́n bá egungun ènìyàn níbẹ̀, wọ́n bá òkú, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn tó ti rù hangogo nínú ìdè. Wọ́n ké gbàjarè, ọlọ́pàá dé, wọ́n sì rí àwọn tó ṣì wà láàyè gbà sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń yí ìlú po ló kọ́kọ́ rí ibẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ wọn kò délé ló rí i. Bí ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń sọnù bá ń dé ojú kan náà, tí ẹnìkan sì ń tò ó pọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ nínú igbó kí àṣírí tó tú.

Ẹ̀kọ́ kejì ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. Ní alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nǹkan bú gbàù ní Dejo Oyelese Close, Old Bódìjà. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ káàkiri Ìbàdàn. Ènìyàn márùn-ún ló kú, àwọn tó fara pa lé ní àádọ́rin, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ìjọba, tí wọ́n ń gbé nínú ilé kan níbẹ̀, ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé náà. Ilé kan ni wọ́n kó o sí, gbogbo àdúgbò ló jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀

Ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní PCRC, níbi tí ará ìlú àti ọlọ́pàá ti máa ń jókòó pọ̀. Ó ti wà láti àwọn ọdún 1980. Òfin ọlọ́pàá tuntun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, tún fi kún un: ó ní kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ẹ̀ka, kí aṣojú ará àdúgbò sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ bá DPO pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ máa ṣe ìpàdé, kì í ṣe ojú rere lẹ ń tọrọ. Ohun tí òfin sọ ni.

Àmọ̀tẹ́kùn náà wà. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣí i ní 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣòfin rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n, wọ́n gbọ́ èdè wa, wọ́n mọ igbó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ènìyàn, ọlọ́pàá ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́ kó lè dé kóòtù. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí Àmọ̀tẹ́kùn pa ọlọ́pàá tì.

Irú èyí kì í ṣe àṣà wa nìkan. Ní Japan, àgọ́ ọlọ́pàá kékeré-kékeré wà láàárín àdúgbò. Ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, á kí onílé, á béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ṣebí ọ̀nà kan náà ni olùkọ́ àgbẹ̀ ń gbà? A kì í jókòó sí ọ́fíìsì kí a dúró de ìgbà tí àrùn bá pa oko tán. À ń wá síbi tí ẹ wà, ẹ̀yin náà sì ń sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

1. Ẹ mọ ẹni tó ń gbé àdúgbò yín. Kí ẹgbẹ́ onílé ní ìwé kan tí orúkọ ayálégbé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, nọ́mbà fóònù rẹ̀, àti ẹni tó dúró fún un. Kí onílé tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun fi ẹnìkan sílẹ̀ tí yóò máa wo ilé rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrù wọ̀ lóru nìkan, ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀.

2. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa bá àgọ́ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kí wọ́n lọ kí DPO lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yálà nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé DPO lọ, kí wọ́n lọ kí tuntun lọ́sẹ̀ tó dé.

3. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò. "Àwọn jàǹdùkú wà ládùúgbò wa" kò wúlò fún ọlọ́pàá. Ẹ sọ ọjọ́ tó jẹ́, agogo tó lù, iye ènìyàn, irú ọkọ̀ àti nọ́mbà ara rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé. Bí ẹ bá dé àgọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó gbà á.

4. Ẹ fi àmì sí ohun ìní yín. Bí ọlọ́pàá bá rí ogójì adìẹ lọ́wọ́ olè, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn pé tòun ni, báwo ni ẹjọ́ yóò ṣe dúró ní kóòtù? Ẹ gé àmì sí etí ewúrẹ́, ẹ kun ọ̀dà sí ìyẹ́ adìẹ. Ẹ kọ iye ẹran yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ nọ́mbà ara jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ǹpù omi, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ má sì sọ rìsíìtì nù.

5. Ẹ má ra ẹrù olè. Adìẹ tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó ọjà ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, ẹ mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin pàápàá ń fìyà jẹ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè.

6. Bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ pe 615 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí 112. Wọn ò gba owó ìpè. Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ lù ú pa, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi táyà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹni tí ẹ pa kò lè sọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ibi tó ń tà á sí, ó sì lè jẹ́ aláìṣẹ̀. Ẹni tó bá sì pa á ti di apànìyàn lójú òfin.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ńkọ́?

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń sọ lọ́kàn: "Bí mo bá lọ fẹjọ́ sùn, èmi ni wọ́n á tì mọ́lé." Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn lásán. Ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ jáde kárí orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, títí wọ́n fi tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bàjẹ́ kì í padà lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ lọ ní méjì, kí ẹ lọ lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín.

Béèlì kì í ṣe títà, ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Òfin ọdún 2020 kọ̀ ọ́. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, bíi ti Ìbàdàn, òfin ìpìlẹ̀ ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, àyàfi ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Bí ọlọ́pàá kan bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, tàbí sí Public Complaints Commission.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwa la máa ń sáré lọ kó ọlọ́pàá nítorí gbèsè. Ẹni tó jẹ yín lówó oúnjẹ adìẹ, tí kò tíì san, kóòtù ló tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà yẹn sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ìgbà tí a bá ń fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ara wa ni wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ ka ìwé yìí fún àwọn tí kò lè kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Kí ẹ tó túká, ẹ yan ẹni méjì yẹn, ẹ sì dá ọjọ́ tí wọn yóò lọ kí DPO. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run á ṣọ́ oko, á ṣọ́ ilé o.