Ikú Tí Kò Dúró De Ìbọn Jámánì

Láti Ìwó, ìlú odíderẹ́, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ ìlú ẹyẹ ni ìlú wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tó fò lójú ogun.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Bomber Command, tí wọ́n ń fi bàálù ju bọ́ǹbù fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù èèyàn tó lé ní 55,000. Ẹ gbọ́ èyí o: nǹkan bíi 8,000 nínú wọn ló kú nínú jàǹbá, púpọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì fojú kan ọ̀tá rárá.

Kí ló fà á? Bàálù tó ti gbó lójú ogun ni wọ́n sábà máa ń gbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fò lóru, nígbà tí gbogbo ìlú ti pa iná kí ọ̀tá má baà rí wọn. Kò sí Google Maps. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ bàálù ní máàpù, kọ́ńpáàsì, aago àti pẹ́ńsùlù. Ká ní afẹ́fẹ́ ń tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kìlómítà 45 ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ ò sì ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Kí wákàtí yẹn tó pé, ẹ ti yà kúrò lọ́nà tó bí ìrìn Ìwó sí Ìbàdàn. Bí òkè bá wà níwájú, tí kùrukùru bò ó, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọmọ wa kan wà lára àwọn tó kú nínú irú jàǹbá bẹ́ẹ̀. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF fi ṣe ọ̀fíṣà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Peter kú ní 1945, ọdún tí ogun parí gan-an. Jàǹbá bàálù ló pa á, kì í ṣe ọ̀tá.

Ẹnì kejì ni Johnny Smythe, ọmọ Freetown, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú fìdí kalẹ̀ sí. Iṣẹ́ ìjúwe-ọ̀nà yẹn ló kọ́, ó sì la ẹ̀kọ́ náà já. Ní oṣù kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn lu bàálù wọn lókè Jámánì. Ó fi párásúùtì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, wọ́n mú un, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi dá wọn sílẹ̀ ní 1945.

Kò jókòó ti ọgbẹ́. Ní 1948, òṣìṣẹ́ ìjọba ni nínú ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush tó kó àwọn èèyàn Caribbean wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó padà sílé, ó sì di Attorney General fún Sierra Leone.

Ewu kan náà làwọn méjèèjì wọ̀. Ọ̀kan rí àyè sin ìlú rẹ̀, èkejì ò rí i. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá kà nípa ọmọ ogun kan pé "ó kú nínú jàǹbá", ẹ má pè é ní ikú yẹpẹrẹ. Bí fọ́tò ẹni tó jagun yẹn bá wà nílé yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.