Bátìrì Tí A So Mọ́ Iná Lóru

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bá ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, yọ̀ fún ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Ní ọjọ́ kẹjọ ni a sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kẹta ni ayọ̀ náà ì bá ti di ẹkún. Bàbá ọmọ ti gbà wá láyè láti sọ ọ́, bí a kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Ooru mú, iná mànàmáná kò sì dúró sójú kan. Nígbà tí iná dé lóru, ó so bátìrì lítíọ́mù mẹ́ta, èyí tí ó tú láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́, mọ́ ṣájà bátìrì ọkọ̀, kí fáànù má baà dákẹ́ lórí ọmọ. Ìyá àgbà tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan, bí ti ohun tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná. Bátìrì ń hó ṣìì. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a sí àgbàlá. Ibẹ̀ ni ó ti gbiná.

Kì í ṣe pé arákùnrin wa kò ronú. Fólítì 3.7 ni a kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn jẹ́ 11.1, ó sì sún mọ́ 12 ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n 3.7 kì í ṣe òpin. Irú bátìrì yìí a máa kún ní 4.2, mẹ́ta sì jẹ́ 12.6. Ṣájà ọkọ̀ a máa gbé e dé nǹkan bí 14.4. Ẹ pín in sí mẹ́ta: 4.8 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ti ọkọ̀ bá kún jù, omi rẹ̀ ni yóò máa hó lọ, a ó sì bu òmíràn sí i. Kò sí omi nínú ti lítíọ́mù. Ohun ṣíṣàn inú rẹ̀ a máa gbiná bí epo pẹtiróò. Bí ó bá kún jù, apá kan rẹ̀ a tú ọ́síjìn sílẹ̀, ooru a sì máa bí ooru.

Ṣájà tí ó tọ́ a máa ti iná wọlé déédéé títí bátìrì yóò fi dé 4.2, a dúró sórí rẹ̀ títí iná tí ń wọlé yóò fi kéré, a sì dáwọ́ dúró. Àpapọ̀ nìkan kò sì tó. 4.1, 4.1 àti 4.4 jẹ́ 12.6 pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ti wà nínú ewu! Nítorí èyí ni a ṣe ń fi pátákó kékeré tí ń ṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí i.

Irú lítíọ́mù mìíràn wà, onírin àti fọ́sífétì, tí ọ̀pọ̀ ń rà fún iná oòrùn. 3.65 ni tirẹ̀ ń kún, mẹ́rin sì jẹ́ 14.6. Ẹ má ṣe fi ṣájà ọ̀kan sí èkejì. Pátákó oòrùn tí a ń pè ní 12 pàápàá lè fi nǹkan bí 20 jáde ní ọ̀sán gangan. Ẹ má so ó mọ́ bátìrì láìsí ohun ìdarí láàárín.

Akọ̀wé wa ní mítà tí a fi ń wọn iná. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó mú ṣájà rẹ̀ wá sí ìpàdé, a ó wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ń mu ọmú dáadáa, fáànù tuntun sì ti dé.