Ẹ̀fọn Òru àti Ẹ̀fọn Ọ̀sán

Ogúnjọ́ oṣù Ògún ni Àyájọ́ Ẹ̀fọn Lágbàáyé. Ọjọ́ náà, lọ́dún 1897, ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn nílẹ̀ Íńdíà. Ní Òkèrèwè, n'Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀fọn là ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n méjì wà tó yẹ kí onílé dá mọ̀: Anopheles gambiae àti Aedes aegypti. Ẹbí kan náà ni wọ́n, abo wọn nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀, kó lè rí ẹyin yé.

Anopheles ló ni òru. Láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí ló ń jẹni jù. Tó bá bà sára ògiri, ńṣe ni yóò gbé ìdí sókè. Omi òjò tó dárogún sójú ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń kàn án, ló máa ń yé sí. Òun ló ń gbé ibà kiri, orílẹ̀-èdè wa sì ni ibà ti ń pa èèyàn jù lágbàáyé.

Aedes dúdú, funfun sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́sẹ́ ẹfun. Ojúmọmọ ló ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Kò wá omi lọ sí títì. Àmù, dúrọ́ọ̀mù àti táyà àlòkù ẹ̀yìnkùlé tó o. Ohun tó burú jù lọ́wọ́ rẹ̀, lójú tèmi, ni ẹyin rẹ̀. Ara ìkòkò, lókè ibi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Omi lè gbẹ tán, kí ẹyin wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí omi tuntun bá ti kàn án, tanwíji dé nìyẹn. Dída omi nù nìkan kò tó.

Aedes ló ń kó ibà pọ́njú ranni láàárín ìlú. Dókítà Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wá ṣèwádìí àìsàn náà, kó o, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Lọ́dún 2017, ibà pọ́njú tún yọjú ní Kwara, ìpínlẹ̀ tó bá Ọ̀ṣun pààlà.

Nẹ́ẹ̀tì tí a ta sórí bẹ́ẹ̀dì kò lè gba ọmọ tó ń ṣeré lójúde lọ́sàn-án. Ẹ máa fi kànrìnkànrìn ha inú àmù àti dúrọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dé wọn. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.