Ọmọbìnrin Olódòdó Tó Di Alárù Kokéènì

Ẹni tó bá rí òdòdó rósì pupa lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ọjọ́ tí ayé sọ di ọjọ́ ìfẹ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rò ó pé òdòdó náà ti gun ọkọ̀ òfurufú kí ó tó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ òkè tútù tó yí Bogotá ká, olú-ìlú Kòlóḿbíà, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 2,600, ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú òdòdó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà. Bí a bá sì yọ orílẹ̀-èdè Netherlands kúrò, kò sí ilẹ̀ mìíràn lágbàáyé tó ń ta òdòdó gígé sí òkèèrè tó Kòlóḿbíà. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n á máa ré ewé, tí wọ́n á máa họ ẹ̀gún, tí wọ́n á máa di òdòdó ní ìdì-ìdì, tí ọ̀gá á sì máa rìn lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń ka ẹran. Nínú irú wọn ni Joshua Marston, ará Amẹ́ríkà tí kò ṣe fíìmù gígùn kankan rí ṣáájú èyí, ti fa ọmọbìnrin ọdún 17 kan yọ, tó sọ ọ́ ní María Álvarez, tó sì gbé ìtàn rẹ̀ síta ní ọdún 2004 nínú eré tó pè ní Maria Full of Grace, ìyẹn Màríà tó kún fún oore-ọ̀fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ Àgùdà ti ń kí ìyá Jésù nínú àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Èdè Spéènì ni wọ́n ń sọ jálẹ̀ eré náà, àfi bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà.

Bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá pé kí ló ń sún ọ̀dọ́mọbìnrin dé ìdí gbígbé oògùn olóró, mẹ́sàn-án ni yóò dáhùn pé ìṣẹ́ ni, ẹnì kẹwàá yóò ní ojúkòkòrò ni. Eré yìí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kò gbà fún wọn tán. Ilé tí María ti wá kì í ṣe ilé tí ebi ń pa kú: òrùlé wà lórí wọn, oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé owó oṣù ọmọ ọdún 17 ni ìyá àgbà, ìyá, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti bímọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, jọ gbójú lé. Bí ara ọmọ ẹ̀gbọ́n kò bá yá, María ni yóò ra oògùn, bí ó bá sì ráhùn, òun ni ọ̀dájú. Ní ọjọ́ kan, inú ń rú u níbi iṣẹ́, nítorí ó ti lóyún láìtíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tọrọ àyè kí òun lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ọ̀gá kọ̀. Ó bì sórí òdòdó, ọ̀gá sì ní kí ó fọ òdòdó náà mọ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó délé, kò sí ẹni tó bi í pé kí ni ojú rẹ̀ rí, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ó padà lọ bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀ràn ti Juan, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kò sì gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, María ní kí Juan bá òun gun òrùlé ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí. Juan ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe lókè, ó sì dúró sílẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà ń gun ògiri lọ lóun nìkan. Nígbà tí oyún dé, Juan ní òun yóò fẹ́ ẹ, bí ọkùnrin tó ń san gbèsè. Kò sí ìfẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, María nìkan ló sì láyà láti sọ ọ́ jáde. Mo ka gbogbo nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ nítorí pé nínú wọn kò sí èyí tó tóbi tó láti ba ayé èèyàn jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò na ọmọ yìí ní pàṣán, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìbọn tì í síwájú. Àwòdì tó ń re Ìbarà ni, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ẹ̀fúùfù náà ń jẹ́ Franklin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù, tó sì mọ ijó jó. María ń lọ sí Bogotá láti wá iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni Franklin bá sọ fún un pé iṣẹ́ kan wà tó dára ju ìyẹn lọ, iṣẹ́ tó ní ìrìn àjò nínú. Ó sì mú un lọ bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Javier. Ibí yìí gan-an ni mo ti mọ̀ pé Marston kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Javier kò pariwo, kò halẹ̀, kò gbé ohun ìjà sórí tábìlì. Àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́ ni, tó ń bi ọmọbìnrin náà léèrè orúkọ rẹ̀ àti bóyá inú kì í yọ ọ́ lẹ́nu, tó sì fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó tọrọ. Nínú ọ̀gá méjì tí María ní nínú eré yìí, ẹni tó bi í léèrè nípa ìlera rẹ̀ ni oníkokéènì! Ìgbà tí ẹrù ti wọ inú rẹ̀ tán, tí kò sí ọ̀nà àtipadà, ni ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà tó wá sọ fún un pé bí ẹrù bá dín, àwọn mọ ibi tí ìyá àgbà rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé.

Lucy, ọmọbìnrin kan tó ti lọ irú àjò náà lẹ́ẹ̀mejì, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Èso àjàrà ńláńlá ni wọ́n fi kọ́ ọ: kí ó gbé e mì lódindi, láìjẹ ẹ́, láìjẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun tì í padà. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n mú kóró kokéènì jáde, wọ́n ti fi rọ́bà ìka ìbọ̀wọ́ wé e le dandan, wọ́n sì fi òwú dì í, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí orí àtàǹpàkò. Wọ́n fọ́n oògùn sí i lọ́fun kí ọ̀nà ọ̀fun lè kú tìpiri, wọ́n ń ti kóró bọ omi ọbẹ̀, ó ń gbé e mì, omi ń dà lójú rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra á ní ikùn bí àgbẹ̀bí, ẹni kan sì ń kà. 62 ni gbogbo rẹ̀. Olùdarí kò kánjú níbẹ̀ rárá. Ó jẹ́ kí ọ̀fun àwa òǹwòran náà gbẹ. Lára pátákó tí wọ́n fi polówó eré náà, María gbójú sókè, ó ya ẹnu, ọwọ́ kan sì ń na kóró sí i bí àlùfáà Àgùdà tí ń na àkàrà ìdàpọ̀ mímọ́ sí ọmọ ìjọ. Àwọn kan bínú sí àwòrán yẹn, èmi kò bínú sí i. Ẹni tó ń gbé kóró mì kò rí ohun mìíràn tí yóò gbàgbọ́ lọ́jọ́ náà.

Nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ó sáré wọ ilé ìyàgbẹ́, kóró méjì sì jáde. Ẹ wo ohun tí ọmọ náà ṣe: ó fọ̀ wọ́n, ó fi ọṣẹ ìfọyín pa wọ́n lára kí òórùn wọn lè rọlẹ̀, ó sì gbé wọn mì padà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ìyá wa sì fi tọ́ wa, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí yìí gan-an ni àwọn olówò burúkú gbé ojú lé. Javier kò ní arìnrìn-àjò kankan tó ń ṣọ́ María nínú ilé ìyàgbẹ́ yẹn. Kò nílò rẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú kóró wọ̀nyí bá bẹ́ nínú èèyàn, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ fíìfíì: ọkàn yóò máa sáré, gìrì yóò mú un, ikú sì lè ṣáájú dókítà dé.

Àwọn alárù mẹ́rin ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ kan náà, María, Blanca ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lucy àti obìnrin kan tí aṣọ́bodè mú. Wọ́n fura sí María náà, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ yàwòrán inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé ó lóyún, wọn kò lè ṣe é, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Orí, atètè níran, atètè gbeni kòòṣà! Kì í ṣe gbogbo ẹni ló ń rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1983, obìnrin kan tó ti Bogotá wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní Los Angeles. Ó lé ní wákàtí 16 tó fi jókòó tì wọ́n, kò jẹun, kò mu, kò yàgbẹ́, kóró 88 sì ni wọ́n rí gbà nínú rẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tó dá a ní ọdún 1985 pé àwọn aṣọ́bodè kò jẹ̀bi ìdádúró yẹn.

Lucy ni orí kò bá ṣe é. Kóró bẹ́ nínú rẹ̀ ní ilé ìtura tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó wá gba ẹrù kó wọn lọ, kò sì sí ẹni tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí dókítà á pe ọlọ́pàá. María kò rí ikú náà, ẹ̀jẹ̀ ló rí nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: wọ́n ti la ikùn òkú láti kó ẹrù wọn. Ó fa Blanca lọ́wọ́, wọ́n gbé kóró, wọ́n sá. Ilé ẹ̀gbọ́n Lucy ní Queens ni María forí lé, obìnrin tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tó fún un ní oúnjẹ, tó ń bi í léèrè ìròyìn àbúrò rẹ̀, tí María sì ń purọ́ fún un lójoojúmọ́. Bí ẹ bá bi mí, irọ́ yìí wúwo ju kóró 62 lọ.

Nínú àdúgbò yẹn ni a ti pàdé Don Fernando, ọkùnrin tí gbogbo ará Kòlóḿbíà tó bá wà nínú ìṣòro ń sá tọ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì mọ̀ ni pé ẹni tó ṣe Don Fernando kì í ṣe òṣèré. Orlando Tobón ni orúkọ rẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ìwé ìrìn àjò ní Jackson Heights ní Queens, àwọn èèyàn a sì máa pè é ní olórí ìlú Kòlóḿbíà Kékeré. Bí alárù kan bá kú sí Niu Yọ́ọ̀kì tí ẹnikẹ́ni kò jáde pé òun ló ni ín, tí ìjọba sì fẹ́ sin ín sí ibojì àwọn aláìníbátan, Tobón ni yóò gbé igbá ìtọrọ jáde láàárín àwọn ará àdúgbò, tí yóò sì fi owó náà gbé òkú padà sílé. Ó ju 400 òkú tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, ṣùgbọ́n àwọn tó fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe alárù, tí wọ́n ń jèrè tó pọ̀ lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, kò fi kọ́bọ̀ kan sínú igbá náà. Nínú eré, owó tí María gbà lórí ẹrù rẹ̀ ni ó fi gbé òkú Lucy lọ sílé.

Àwa ní Nàìjíríà kò lè wo eré yìí bí ẹni tó ń wo ọ̀ràn aládùúgbò. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde tó fi ikú ṣe ìjìyà ẹni tó bá ń gbé oògùn olóró, ní oṣù kẹrin ọdún 1985 sì ni wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó. Alárù ni wọ́n pa, kò sí ẹlẹ́rù kan láàárín wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní ọdún 1989, ó ti di nǹkan tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn léraléra pé wọ́n mú arìnrìn-àjò kan ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n fi í sí abẹ́ ìṣọ́, ó sì yàgbẹ́ kóró báyìí-báyìí. Àwọn obìnrin wa àti àwọn ará Jàmáíkà pọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan lórí ọ̀ràn yìí, níbi tó ti jẹ́ pé ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n fi ń wọn ọdún ẹ̀wọ̀n. Oṣù kejì ọdún 2012 ni ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pé kí adájọ́ máa wo ipa tí ẹni náà kó, bóyá ọ̀gá ni tàbí ẹni tí wọ́n rán. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Catalina Sandino Moreno, ọmọ Bogotá tí kò tíì ṣe fíìmù kankan rí, ló ṣe María, ó sì ṣe é dé ibi tí àwọn onídàájọ́ àjọ̀dún fíìmù Bẹ̀lín fi pín ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó pegedé fún òun àti Charlize Theron ní ọdún 2004, tí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn òṣèré Kòlóḿbíà. Ó tọ́ sí i. Síbẹ̀, bí mo bá ní láti rí àléébù, èmi yóò ní ọmọ náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì lẹ́wà débi pé òǹwòran á tètè dárí jì í. Blanca ni mo gbà gbọ́ jù: kì í ronú jinlẹ̀, ó ń bínú, ó fẹ́ owó, ó ń bẹ̀rù, ó sì fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò àtiwọ ọkọ̀ padà sílé, Blanca wọlé, María yí padà, ó sì rìn lọ sínú ìlú tí kò níwèé láti gbé, pẹ̀lú oyún nínú.

Kòlóḿbíà fi eré náà ránṣẹ́ sí àwọn onídàájọ́ Oscar pé òun ni kó ṣojú àwọn nínú ẹ̀ka fíìmù elédè mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà pé ọwọ́ àwọn ọmọ Kòlóḿbíà kò pọ̀ tó nínú ṣíṣe rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n wí: ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀, Ẹ̀kùádọ̀ sì ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kó jẹ́ Kòlóḿbíà, nítorí ètò ààbò kò fara rọ níbẹ̀ nígbà náà. El Rey, fíìmù mìíràn tó dá lórí òwò kokéènì, ni Kòlóḿbíà wá fi rọ́pò rẹ̀.