Ìbọn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Nínú Ikọ̀ Kan Ṣoṣo: Ọta Ni Kí Ẹ Wò

Ọ̀rọ̀ ìbọn M7 tí iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fòǹtẹ̀ lù lóṣù Karùn-ún ọdún 2025 kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn sọ́jà tó ń kojú ọ̀tá gan-an ni wọ́n ń kó o fún. Àwọn awakọ̀, alásè àtàwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe yóò ṣì máa lo ìbọn M4 tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé irú àdàlù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ológun tó lówó lọ́wọ́, pé àìtó ló ń mú kí sọ́jà gbé ìbọn tí kò bára mu. Ìtàn kò gbè wọ́n. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun ńláńlá ló ń kó oríṣiríṣi ìbọn fún ikọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan náà, Amẹ́ríkà tó lówó jù lọ náà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ikọ̀ Amẹ́ríkà láàárín ogun náà wò. Èèyàn 12 ni. Mẹ́wàá nínú wọn gbé M1 Garand, tí ológun wọn gbà wọlé lọ́dún 1936. Ọta 8 ló ń gbà, bí sọ́jà bá sì ti yin ọ̀kan, ìbọn fúnra rẹ̀ ni yóò ki òmíràn. Ẹnì kan gbé BAR, ìbọn arọ̀jò-ọta tó lè da ọta 20 jáde léraléra. Ẹni kejìlá wá gbé Springfield ọdún 1903, ọlọ́ta 5, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìdí rẹ̀ kí òmíràn tó wọlé. Kí ni ìbọn àtijọ́ ń wá láàárín àwọn tuntun?

Bọ́ǹbù ló gbé e débẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ju bọ́ǹbù, agbára káká ni yóò fi dé 40 mítà. Ológun fẹ́ kó lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó sì lè ba ọkọ̀ ogun onírin jẹ́. Wọ́n wá ṣe ọ̀pá kúkúrú kan tí wọ́n ń fi há ẹnu ìbọn. Bọ́ǹbù á jókòó sórí ọ̀pá náà, sọ́jà á sì ki ọta kan tí kò lórí, tó jẹ́ pé ẹ̀tù nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, èéfín tó ń fi tipátipá wá ọ̀nà jáde ni yóò ta bọ́ǹbù lọ. Èyí kò ni Springfield lára, torí ọwọ́ sọ́jà nìkan ló ń ṣí inú rẹ̀ tó sì ń pa á dé.

Garand yàtọ̀, nítorí èéfín ẹ̀tù yìí kan náà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ihò kékeré kan wà tí díẹ̀ nínú èéfín ń gbà wọlé láti ti irin gígùn kan sẹ́yìn. Irin náà ló ń mú kí èépo ọta tó ti jó bọ́ síta, kí òmíràn sì rọ́pò rẹ̀. Agbára tí wọ́n fi ń ta bọ́ǹbù lè ba irin yìí jẹ́. Kí wọ́n tó rí ojútùú sí i, Springfield ni ẹni tó ń ta bọ́ǹbù ń gbé. Nígbà tí ọ̀pá ti Garand fúnra rẹ̀ dé, ṣe ni wọ́n dọ́gbọ́n sí i kó máa ṣí ọ̀nà fún èéfín láti ráyè jáde dànù. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá bá wà lẹ́nu Garand, kì í lè ki ara rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni sọ́jà fi ń fà á, bíi ti Springfield gẹ́lẹ́. Ohun tó sọ Garand di ọ̀gá ìbọn nígbà yẹn ni kò jẹ́ kó tètè lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tó fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ pé ìbọn tó dára jù fún iṣẹ́ kan lè má dára fún iṣẹ́ kejì.

Àmọ́ ọta kan náà, .30-06, ni ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Bí ti BAR bá tán, àwọn tó gbé Garand lè tú tiwọn fún un. Kì í ṣe ohun tó rọrùn láàárín ìró ìbọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń di ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Jámánì náà ṣe bẹ́ẹ̀: ọta kan náà ni ìbọn Kar98k ń jẹ pẹ̀lú MG 42, tó lè yin nǹkan bí 1,200 ọta láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn Lee-Enfield àti Bren, tó jẹ́ arọ̀jò-ọta; ọta .303 ni méjèèjì ń lò, àwọn tó gbé Lee-Enfield sì máa ń bá Bren gbé lára ọta rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé jà ní Bọ́mà nìyẹn. Lọ́dún 1944, ní àfonífojì Kaladan, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju ẹrù sílẹ̀ fún Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn alárùú sì ń fi orí rù ú wọ inú igbó. Níbi tó jẹ́ pé orí èèyàn lẹrù ń bá lọ, àǹfààní ńlá ni kí ọta kan tó fún ìbọn méjì.

Ẹ wá wo àwọn tí ọta tiwọn kò bára mu. Ítálì gbé ìbọn tó ń lo ọta 7.35 mílímítà jáde lọ́dún 1938. Nígbà tí ogun dé, ó padà sí 6.5 tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fi 7.7 rọ́pò 6.5, kò parí rẹ̀ títí ogun fi tán. Ológun orí omi rẹ̀ tún ní 7.7 mìíràn, irú .303 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ìbọn ológun orí ilẹ̀ kò lè lò.

Mi ò sọ pé àìtó kò sí rárá. Àwọn sọ́jà Marine Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí erékùṣù Guadalcanal lóṣù Kẹjọ ọdún 1942 pẹ̀lú Springfield, nítorí Garand kò tíì kárí wọn.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ M7 kò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Òun àti M250, ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n jọ dé, jọ ń lo 6.8 mílímítà ni, nítorí náà ọta inú ikọ̀ ṣì bára mu. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìwọ̀n ọta: sọ́jà tó ń gbé 210 pẹ̀lú M4 yóò máa gbé 140 pẹ̀lú M7. Bí 140 yẹn bá tán, tí awakọ̀ tó wà nítòsí sì ní kìkì 5.56 ti M4, kò sí bó ṣe lè yá a lọ́ta. Ogun ńlá kò tíì dán ètò yìí wò, àfi kéèyàn fi ìṣọ́ra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí ìṣòro yóò ti yọjú nìyẹn, láàárín àwọn tó wà níwájú àti àwọn tó ń kẹ́rù bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń tẹjú mọ́ ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Lake City, ní Missouri, níbi tí wọ́n ti fẹ́ máa ṣe ọta 6.8, ju bí mo ṣe ń tẹjú mọ́ ìbọn náà fúnra rẹ̀ lọ.