Oorun Àgbà Kì Í Ṣe Ọjà Kẹ́mísì

Nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá fi lù, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti parí iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Wọ́n ti kí ìrun Íṣáì tàbí kí wọ́n ti gbàdúrà alẹ́, wọ́n ti jẹun, iná mànàmáná sì lè má sí. Kí ló kù bí kò ṣe ibùsùn? Wọ́n á sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí aago kan òru tó lù, ojú ti là. Láti ìgbà náà títí àkùkọ yóò fi kọ, wọ́n á máa yí síhìn-ín, wọ́n á máa yí sọ́hùn-ún. Bí ọmọ bá bèèrè láàárọ̀ pé, "Màámi, ṣé ẹ sùn dáadáa?", ohun tí yóò gbọ́ ni: "Ọmọ mi, mo kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa létí débi pé a ò kà á sí àìsàn mọ́. Àwọn kan ní bí ara àgbà ṣe ń rí nìyẹn. Àwọn kan ń fura sí ayé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ á sáré lọ sí kẹ́mísì, á ní kí wọ́n fún òun ní oògùn oorun. Bẹ́ẹ̀, àìsàn tó ní ìwòsàn ni. Ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn sì ń fi ṣáájú fún àìróorunsùn tó ti di bárakú kì í ṣe oògùn rárá. Ìlànà ìhùwàsí ni, tí nọ́ọ̀sì lè kọ́ èèyàn, tí a sì lè máa ṣe nínú ilé láì náwó.

Ìṣòro náà kò mọ sí ilé kan tàbí méjì. Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí ìgbé ayé àwọn arúgbó ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára wọn. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n lé ní 2,000, ojúlé wọn ni wọ́n sì ti lọ bá wọn. Ní 2007, wọ́n bi àwọn tó lé ní 1,300 léèrè nípa oorun wọn, wọ́n sì padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún kan. Nínú àwọn tí oorun wọn dára tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ti ní ìṣòro oorun kan tàbí òmíràn láàárín ọdún kan yẹn. Nínú àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀, ó sún mọ́ ìdajì tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ, ó sì ń le sí i bí owó bá ṣe ń dín lọ́wọ́ èèyàn.

Kì í ṣe gbogbo òru tí a ò sùn ni àìsàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tí ó ń ṣọ̀fọ̀, kò lè sùn bó ṣe yẹ, yóò sì kọjá. Àìróorunsùn tó ti di bárakú ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní ó kéré tán òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń ba ọ̀sán ẹni jẹ́: ó ń rẹ èèyàn, ó ń mú un gbàgbé nǹkan, ó ń mú un kanra mọ́ ọmọ àti ọmọọmọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó sùn wákàtí mẹ́fà péré, tí ara rẹ̀ yá gágá títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní nǹkan tí yóò gbàtọ́jú.

Nǹkan méjì ló ń gbé oorun wá. Àkọ́kọ́ ni ìpòǹgbẹ oorun tó ń gbára jọ nínú ọpọlọ láti ìgbà tí a bá ti jí. Bó bá ṣe pẹ́ tó tí ojú wa ti wà lójúfò ni yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń tọ́ búrẹ́dì àti ẹ̀pà lẹ́nu láti àárọ̀ kò ní lè jẹ iyán alẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án ṣe ń ná oorun òru rẹ̀. Èkejì ni aago inú ara, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tò. Bí a bá ti ń dàgbà, aago yìí máa ń tètè pe oorun ní alẹ́, ó sì máa ń tètè jíni, oorun àsùnwọra náà sì máa ń dín kù. Nítorí náà, ìyá tó bá dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́jọ lè ti sùn tó bó ṣe yẹ kí aago méjì òru tó lù. Bó bá wá wà lórí ibùsùn di aago mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin ni yóò fi máa ronú nínú òkùnkùn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ọpọlọ rẹ̀ á ti mọ ibùsùn sí ibi ìrònú, yóò sì máa jí nígbàkigbà tó bá fẹ̀yìn lé e.

Oògùn kò tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe. Valium àti Lexotan, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà láìsí ìwé dókítà, máa ń pẹ́ nínú ara àgbà ju bó ṣe ń pẹ́ nínú ara ọ̀dọ́ lọ. Ìyá tó bá lò ó lè dìde láti lọ tọ̀ ní òru, kí òòyì kọ́ ọ, kí ó ṣubú, kí egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó lè mú kí orí dàrú, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ pọ̀ mọ́ni lẹ́nu, kí àwọn ará ilé sì rò pé arán ló ń ṣe é. Piriton tí àwọn kan ń lò nítorí pé ó ń kunni lóorun náà ní ewu tirẹ̀: ó lè dé ìtọ̀ mọ́ni nínú, ó lè fa àìrígbẹ́yà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà arúgbó ní Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Beers, èyí tó ka àwọn oògùn tó yẹ kí àgbàlagbà sá fún, irú àwọn oògùn yìí sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lo Valium tàbí Lexotan fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí gìrì lè mú un. Dókítà ni yóò máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìlànà tó rọ́pò oògùn kì í ṣe tàná. Ní 1972, Richard Bootzin ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí a ṣe lè mú ọpọlọ tún mọ ibùsùn sí ibi oorun. Ní 1987, Arthur Spielman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù kún un: kí ẹni tí kò rí oorun sùn dín àkókò tó fi ń wà lórí ibùsùn kù. Ní 1999, Charles Morin gbé ìwádìí kan jáde tó fi oògùn oorun wé ìlànà ìhùwàsí lára àwọn àgbàlagbà 78. Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún kejì, àwọn tó kọ́ ìlànà náà ló ṣì ń jẹ èrè rẹ̀. Ti oògùn kò bá wọn kalẹ́. Nígbà tí yóò fi di 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ńlá ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ti ní ìlànà ìhùwàsí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú gbogbo àgbà tó bá ní àìróorunsùn bárakú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Òfin kìíní ni kí á dín àkókò ibùsùn kù. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé láràárọ̀: ìgbà tí ìyá dùbúlẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó kí oorun tó gbé e lọ, iye ìgbà tó jí, ìgbà tó dìde. Ká ní ìwé náà fi hàn pé aago mẹ́jọ ni ìyá ń dùbúlẹ̀, aago mẹ́fà ló ń dìde, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà péré ló ń sùn nínú mẹ́wàá. Ìdá 60 nínú 100 nìyẹn. Wákàtí mẹ́fà náà ni wọn yóò wá fún un lórí ibùsùn. Bí ó bá fẹ́ jí ní aago márùn-ún nítorí ìrun Súbúù, aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò máa wọlé sùn. A kì í dín in kù ju wákàtí márùn-ún lọ, bó ti wù kí oorun ẹni kéré tó.

Wákàtí mẹ́ta tó wà láàárín aago mẹ́jọ àti mọ́kànlá yìí ló máa ń le jù. Kí ìyá má jókòó síbi tí yóò ti tòògbé. Kí ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kí ó gbọ́ rédíò, kí àwọn ọmọ ilé bá a tàkúrọ̀sọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í dẹrùn. Oorun á máa kùn ún lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ìpòǹgbẹ oorun yẹn gan-an ni ìwòsàn, òun ni yóò so oorun òru pọ̀ tí kò fi ní máa já. Bí ó bá ti ń sùn tó ìdá 85 nínú 100 àkókò tó fi wà lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn á fi ìṣẹ́jú 15 kún un, á máa wọlé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú 15. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ara á fi tó o. Ẹni tó ní wárápá, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà jẹun, àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú rí kò gbọdọ̀ dá ìpín yìí ṣe láìsí dókítà.

Òfin kejì ni pé ibùsùn wà fún oorun. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú láì sùn kí ó dìde. Kò gbọdọ̀ wo aago, kò gbọdọ̀ tan fóònù. Kí ó jókòó sórí àga níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, kí ó máa fa tẹ̀súbáà tàbí kí ó máa ka Sáàmù jẹ́jẹ́, kí ó padà nígbà tí ojú bá wúwo. Nínú agboolé tí yàrá kan ti jẹ́ pálọ̀ àti ibi oorun, àga kan lẹ́bàá ògiri ti tó. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kí ọ̀nà mọ́ gaara, kí ẹsẹ̀ má baà kọ nǹkan. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e dáadáa lè kàn dìde jókòó sórí ibùsùn náà.

Òfin kẹta ni kí àkókò ìdìde má yí padà, bóyá òru dára ni o, bóyá kò dára. Kódà lẹ́yìn ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí á dìde ní àkókò tí a máa ń dìde. Láàárọ̀, kí àgbà jáde sí oòrùn, kí ó rìn díẹ̀ ní àdúgbò. Bí oorun ọ̀sán bá di dandan, kí ó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó sì parí kí aago mẹ́ta tó lù.

Ọ̀rọ̀ obì náà ń bẹ níbẹ̀. Gbànja àti àbàtà ní èròjà kaféènì tó wà nínú kọfí, èyí tó ń dí ìpòǹgbẹ oorun lọ́nà. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara. Bàbá tó bá fi obì gba àlejò ní ìrọ̀lẹ́ lè tọ́jú ìpín tirẹ̀ di òwúrọ̀. Ògógóró ń tètè kunni lóorun ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín òru ni yóò jíni.

Ìrònú gba àkókò tirẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí kò wọlé, ọmọ tó wà lókè òkun tí kò pè: kí á mú wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí á bá ẹni tó ṣeé fọkàn tán sọ wọ́n, kí á sì yan ohun kan tí a óò ṣe lọ́la. Kì í ṣe oorun nìkan ni ìlànà yìí lápapọ̀ ń ṣe láǹfààní. Nínú ìwádìí tí Michael Irwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022 lórí àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú àwọn tó gba ìtọ́jú ìhùwàsí yìí ní ìwọ̀n tí kò tó ìdajì ti àwọn tí wọ́n kàn kọ́ nípa oorun, láàárín ọdún mẹ́ta.

Àìsàn mìíràn sì lè wà nídìí ọ̀rọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀, bí a bá ń lò ó lálẹ́, òru ni yóò máa gbéni dìde. Dókítà lè ní kí á máa lò ó láàárọ̀. Àtọ̀gbẹ, àrùn pírósítéètì ti ọkùnrin àti aromọléegun náà ń já oorun. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún gbéra, gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà kíákíá, oògùn oorun sì léwu fún un.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, àti ti LAUTECH wà nítòsí fún ẹni tó bá ń wá dókítà. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyá Akẹ̀sán wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí oorun. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ní 2011, Daniel Buysse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìlànà yìí nípa ìpàdé méjì lójúkojú àti ìpè fóònù méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lé ní ìdajì wọn tí àìróorunsùn ti fi sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn arúgbó wa lóṣooṣù lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá kọ́ wọn.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ìwé oorun ọ̀sẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀. Kí ó kó ìwé náà àti gbogbo oògùn tí òbí ń lò, títí kan àgbo, lọ bá dókítà. Kí ó bèèrè èyí tó ń já oorun nínú wọn, kí ó sì bèèrè bóyá ara òbí gba kí á dín àkókò ibùsùn kù. Bí oorun kò bá tíì gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n padà lọ.